Ohun tí A Retí Lọ́wọ́ Íntánẹ́ẹ̀tì, àti Ohun tí A Rí Gbà

 

Ẹ̀kọ́ tòní wá láti inú ìbéèrè kan. Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo ní kí kálukú gba oríkì ìdílé rẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí tàbí òbí àgbà lásìkò ọlidé, kó fi bírò kọ ọ́ sínú nóòtù, kó sì fi àmì sí i. Ọmọ SS2 kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Sà, kí ló dé tí a ṣì ń fi ọwọ́ kọ ọ́? Ṣé ká má kàn tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ká gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni? Tó bá ti débẹ̀, kò lè sọnù mọ́." Gbogbo yín pàtẹ́wọ́ fún un. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní màá dáhùn. Ìdáhùn náà rè é.

Ẹ má rò pé mo kórìíra kọ̀ǹpútà o. Òun náà ni mo fi tẹ ohun tí ẹ ń kà yìí. Àmọ́ èmi náà ti gbà gbọ́ rí bí ọmọ yẹn ṣe gbà gbọ́, ohun tó sì tìdí ẹ̀ yọ nílé wa kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

ORÍKÌ TÓ DI ÀMÌ ÌBÉÈRÈ

Lọ́dún 2003, mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ní Choba níbí, tí ẹ lè wọ ọkọ̀ láti Alakahia dé kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà yẹn, fóònù GSM ò tíì pẹ́ ní Nàìjíríà. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ló bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, àfi kó lọ sí cybercafé, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, kó jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń rìn bí ìgbín. Àwọn mìíràn á wọlé lálẹ́, wọn ò ní jáde títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí owó ti òru dínkù. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Lójú wa, ohunkóhun tó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà ti bọ́ lọ́wọ́ ikán, iná àti òjò.

Ìyá àgbà mi wà nílé ní Ìsẹ́yìn. Òun nìkan ló kù tó mọ oríkì ìdílé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Ìbàdàn lọ bá wọn, ó gba ohùn wọn sórí kásẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí i, ó kọ ọ́ sínú nóòtù, ó fi àmì sí i dáadáa. Ó gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé. Onítọ̀hún tẹ̀ ẹ́ tàmì-tàmì, ó fi í pamọ́ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi í-meèlì ránṣẹ́ sí mi.

Mo ṣí i ní cybercafé. Bí ìlà àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

?m? on?gb?

Gbogbo lẹ́tà tó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ ti di àmì ìbéèrè. Ojú ìwé méjì gbáko! Mo ní kò burú. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, mo ní tí mo bá délé, a ó jọ tún un ṣe. Ṣebí ojúlówó rẹ̀ wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi náà sọ nìyẹn: "Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kò séwu." Torí náà, nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ yàrá mọ́, wọ́n kó nóòtù yẹn mọ́ ìdọ̀tí, wọ́n dáná sun ún. Ẹnì kan nínú ilé gba orin fújì lé kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a wá ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ lọ́dún 2005, ẹ̀rọ ní òun ò lè kà á.

Ọdún 2005 yẹn náà ni Ìyá àgbà papòdà. Níbi ìsìnkú, wọ́n ní kí n dìde kí n ki ìdílé, torí èmi ni bébà wà lọ́wọ́ mi. Mo dìde. Mo dé ọ̀rọ̀ yẹn, mo dúró. Ṣé "ọmọ onígbá" ni, ọmọ àwọn tó ń fín igbá? Ṣé "ọmọ onígbà" ni, ọmọ àwọn tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ? Àbí "ọmọ onígbó", àwọn tó ni igbó? Bàbá mi kan ní igbá ni. Òmíràn ní rárá, igbà ni. Ariyanjiyàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí pósí. Ìyá mi fà mí láṣọ, wọ́n ní, "Jókòó, ọmọ mi." Mo jókòó. Títí di òní, ìdílé wa ò lè sọ iṣẹ́ tí baba ńlá wa ṣe tí wọ́n fi ń kì í.

KÍ LÓ FÀ Á?

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí ọ̀rọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Kọ̀ǹpútà ò mọ A, kò mọ B. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Àwọn tó ṣe é ní láti fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1963, wọ́n gbé àtòjọ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ASCII. Àyè 128 ló wà nínú rẹ̀. A ní nọ́ńbà 65, B ní 66, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ. Àmì ohùn ò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wa o. Wọn ò rántí pé a wà ni. Ẹni tó ń pín ẹran tí kò mọ̀ pé o wà nínú ilé, báwo ló ṣe máa bu tìrẹ sílẹ̀?

Nígbà tó yá, àwọn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí lo àyè 256, iye kan náà pẹ̀lú odù Ifá. Ẹ ó ní ó yẹ kó tó. Kò tó. Nínú àtòjọ tó gbajúmọ̀ jù, àwọn ará Yúróòpù fi àyè tó kù ṣe tiwọn. Á àti à rí ibi jókòó, torí àwọn Faransé àti Sípéènì ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ dúró síta.

Kí wọ́n má bàa máa wò bẹ́ẹ̀, àwọn kan ṣe fọ́ǹtì Yorùbá tiwọn. Wọ́n á mú àyè lẹ́tà tí Yorùbá ò lò, wọ́n á ya ẹ síbẹ̀. Ẹlòmíràn á ya ẹ tirẹ̀ sí àyè mìíràn. Lójú ẹ̀rọ tó ní fọ́ǹtì yẹn, ó ń dán. Tó bá bọ́ sórí ẹ̀rọ tí kò ní in, tàbí tó gba inú ètò í-meèlì tí kò mọ̀ ju ASCII lọ kọjá, ó dàrú: ó lè di àpótí, ó lè di àmì ìbéèrè. Ohun tó ṣe oríkì wa nìyẹn. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn ò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ tó wà ní Choba náà ò bàjẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn onímọ̀ ti rò ó sílẹ̀ fún wa. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, National Language Centre ti Nàìjíríà ṣètò lẹ́tà 33 tó lè tó láti kọ gbogbo èdè Nàìjíríà. Ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ èdè tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kay Williamson, ìyá òyìnbó tó fi Yunifásítì Port Harcourt ṣe ibi iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, tó sì ṣe wàhálà púpọ̀ kí àwọn ọmọ Rivers lè ka ìwé ní èdè abínibí wọn. Ọdún 2005 ni wọ́n kú, ọdún kan náà pẹ̀lú Ìyá àgbà mi. Àmọ́ ẹ lọ sọ́jà, ẹ wo bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà. Ti Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó máa bá pàdé. Ìyà kan náà ló ń jẹ èdè Ikwerre tí àwọn onílé wa ní Alakahia ń sọ, torí lẹ́tà tiwọn náà ní àmì nísàlẹ̀.

ỌPỌ́N ÀTI BABALÁWO

Ìrètí àkọ́kọ́ nìyẹn: pé ẹ̀rọ á gba gbogbo èdè. Ìrètí kejì ni pé bí ẹ̀rọ bá ti dé ọwọ́ ọmọ, ìmọ̀ ti dé.

Lọ́dún 2005, Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn máa ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò ní ju $100 lọ fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ tí kò lówó. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fọkàn sí. Nígbà tó di 2007, wọ́n ń dán an wò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, ní Abuja. Àmọ́ $100 ò ṣeé ṣe; owó rẹ̀ sún mọ́ $200. Èyí tí wọ́n ní wọ́n máa kó wá fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ò dé.

Ní 2013, ó kan ilé wa. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni, fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè àtẹ̀yìnwá WAEC àti JAMB sínú rẹ̀. 150,000 ni iye tí wọ́n kéde. Wọn ò gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọmọ nílò ti wà nínú rẹ̀. Èrò yìí wù mí ju ti Amẹ́ríkà lọ, torí èèyàn wa ló jókòó rò ó, wọ́n sì fi orúkọ tó nítumọ̀ pè é.

Àmọ́ ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Ọpọ́n. Ta ló ń rí i kí ọpọ́n nìkan máa dífá? Ọpọ́n kì í sọ̀rọ̀. Babaláwo tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ẹsẹ Ifá sórí ló ń sọ̀rọ̀. Bí ọpọ́n bá là, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Bí babaláwo bá lọ láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tó mọ̀ bá a lọ nìyẹn. Tábúlẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ iná. Bátìrì rẹ̀ ń gbó, ojú rẹ̀ ń fọ́, ọmọ tuntun sì ń wọ SS1 lọ́dọọdún. Ó ń fẹ́ ẹni tó máa tún un ṣe, ó ń fẹ́ olùkọ́ tó mọ ibi tó ti máa bá ọmọ lo ó, ó ń fẹ́ owó lọ́dún kejì, ọdún kẹta, ọdún kẹwàá. Owó ọdún àkọ́kọ́ ni ìjọba máa ń fẹ́ ná, torí ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí tí iná bá lọ láàárín ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà: ọga tí a ń wò lójú ẹ̀rọ di dúdú, ọga tó dúró níwájú pátákó ló kù.

ÌLẸ̀KÙN TÍ WỌ́N NÍ KÒ NÍ KỌ́KỌ́RỌ́

Ìrètí kẹta ló tóbi jù. Lọ́dún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Swítsálándì, dábàá ohun tó di World Wide Web. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára púpọ̀. Ní 1996, ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Perry Barlow, kọ ìwé kan tó fi sọ fún àwọn ìjọba ayé pé wọn ò láṣẹ kankan níbẹ̀. Àwa tí a wà ní cybercafé ò mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ohun kan náà la gbà gbọ́: ẹnikẹ́ni á lè sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lè tì í.

Ẹ̀yin fúnra yín rí i pé ó ní kọ́kọ́rọ́. Lóṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ó di 13 oṣù Kínní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i.

Kọ́kọ́rọ́ mìíràn sì wà tí ìjọba ò mú dání: èdè. Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì ní àpilẹ̀kọ tó lé ní mílíọ̀nù 6. Ti Yorùbá lé díẹ̀ ní 30,000, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí a ṣe pọ̀ tó. Kò sẹ́ni tó ní ká má kọ. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwa la ò wọlé tó.

Ohun tí a bá sì kó sínú ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ á kó jáde fún wa. Nígbà tí Google Translate fi Yorùbá kún èdè rẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2013, inú mi dùn. Àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi rí i pé tí ẹ bá tẹ Èṣù, "devil" ló ń gbé jáde. Ṣé ẹ̀rọ ló dá a sọ? Rárá o. Láti ìgbà Àjàyí Crowther ni Bíbélì Yorùbá ti ń fi Èṣù túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Èyí tó wà nílẹ̀ ni ẹ̀rọ gbé. Ohun tí àwọn onísẹ̀ṣe mọ̀ nípa Èṣù, ẹnu ló wà, wọn ò kó o sílẹ̀ fún un.

KÌ Í ṢE GBOGBO RẸ̀ LÓ BÀJẸ́

Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo. Lọ́dún 1991, Unicode jáde. Àtòjọ tuntun ni, tó fẹ́ gba gbogbo lẹ́tà ayé. Ó ti ní ohun tó lé ní 140,000 báyìí. Ẹ, ọ àti ṣ rí nọ́ńbà tiwọn gbà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ ń lò lónìí sì mọ̀ ọ́n. Ká ní ìgbà yìí ni ẹ̀gbọ́n mi fi í-meèlì yẹn ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó dé pé pérépéré.

Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Ẹ́ tí ẹ rí yìí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ ní tirẹ̀, àmì òkè ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń gbé ọ̀kan lé èjì. Ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ é, kó wá fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ mìíràn, nǹkan méjì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì yín, kí ẹ̀rọ ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ẹ ń fojú rí i.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn èèyàn ló tì í débẹ̀. Lọ́dún 2012, àwọn ọmọ Yorùbá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti máa fi Yorùbá nìkan kọ̀wé lórí Twitter, kí ilé-iṣẹ́ náà lè mọ̀ pé a wà. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, dá YorubaName sílẹ̀, ìwé atúmọ̀ orúkọ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn wọ̀nyí ò dúró kí ẹ̀rọ rántí wọn.

ÌDÁHÙN MI

Nítorí náà, ìwọ ọmọ SS2 tó bi mí ní ìbéèrè, ìdáhùn mi rè é. Tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá. Àmọ́ má torí ìyẹn da nóòtù nù, má sì torí nóòtù má kọ́ ọ sórí. Àṣìṣe ilé wa kì í ṣe pé a lo kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe wa ni pé a ní ibi mẹ́ta tí oríkì wà: ẹnu Ìyá àgbà, kásẹ́ẹ̀tì àti nóòtù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, dípò kó di mẹ́rin, a jẹ́ kó di ẹyọ kan. Ọdún méjì gbáko ni Ìyá àgbà fi wà láàyè lẹ́yìn í-meèlì yẹn. Mo lọ kí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bi wọ́n, torí mo rò pé ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ní Port Harcourt tí a wà yìí, púpọ̀ nínú yín ò ní ẹni tó máa kì yín láàárọ̀. Ọlidé nìkan lẹ ní. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ gba ohùn àgbà sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò bá yé yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó padà wá.

2. Ẹ fi bírò kọ ọ́, tàmì-tàmì. Ẹ kà á padà sí etí àgbà náà, kí wọ́n tún un ṣe.

3. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ fojú ara yín wo bó ṣe dé ọ̀hún.

4. Ẹ kọ́ ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó kéré tán, sórí. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí a bá wọlé, kálukú á dìde, á sọ ọ́ láìwo bébà.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún ọ̀sẹ̀ yìí: (a) Fi àmì sí "igba" lọ́nà mẹ́rin tí yóò fún un ní ìtumọ̀ mẹ́rin, kí o sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn. (b) "Baba mi ra oko tuntun." Ẹnì kan fi èyí ránṣẹ́ láìfi àmì sí i. Kí ni àwọn nǹkan tí bàbá yẹn lè ti rà? (d) Ẹ bi àgbà kan nílé, lórí fóònù ọjọ́ àbẹ̀wò, bóyá onígbá ni tàbí onígbà. Èmi ń wá ẹni tó mọ oríkì àwọn ará Ìsẹ́yìn dáadáa. Tí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá pè mí ní yàrá àwọn olùkọ́.